Ẹ̀jẹ̀ Mi Tó Wà Lára Títílọpẹ́

                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin,
                                        Ilé-Ifẹ̀.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, 1988.

Gàzálì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé? Báwo ni ìyá rẹ àti ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n? Ṣé ẹ ti ń rí epo bẹntiróòlù rà ní gáréèjì Orè, àbí orí ìlà lẹ ṣì ń sùn sí? Níbí, oúnjẹ ti wọ́n, ṣùgbọ́n ara mi le. Bí mo ṣe rò nìyẹn tẹ́lẹ̀.

O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n fà sí àbúrò mi Títílọpẹ́ lára lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó. Dókítà Adéyẹyè, tó ń kọ́ àwa ọlọ́dún kìíní, ń wá fáírọ́ọ̀sì kan, kòkòrò àrùn tó máa ń sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn le láti fi wé tiwọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ na apá. Mo fẹ́ kí ó mọ orúkọ mi ni.

Wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa sínú àwo, wọ́n ń ṣọ́ ọ bóyá nǹkan kan yóò jí níbẹ̀. Bí iná bá lọ, àwa la máa ń fi omi gbígbóná mú kí àpótí tí wọ́n kó àwo náà sí lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú tèmi, nǹkan jí.

Dókítà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ojú mi. Ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ Odígbó. Ọ̀pọ̀ wa ló ní in. Ó lè jẹ́ inú omi ọyàn ìyá rẹ lo ti mu ún. Ó ń sùn ni." Mo bi í pé bí wọ́n bá wá fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò tó ńkọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ara irú wọn ló ti máa ń jí, pé ó ń mú ibà wá, ó sì lè dé ojú.

Gàzálì, ojú. Ìwọ lo kọ̀wé sí mi pé Títílọpẹ́ ń nawọ́ gbá ife dànù bí ẹni tí kò rí i, pé o rò pé eré ló ń ṣe. Dókítà ní àfi kí wọ́n yẹ ẹ́ wò, pé bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

O rántí ohun tí Títílọpẹ́ máa ń sọ bí Màámi bá bá a wí pé ó lágídí: "Ẹ má bá mi wí o, ẹ̀jẹ̀ Bùọ̀dá Níyì ló ń ṣe é." Gbogbo wa a sì bú sẹ́rìn-ín. Ohùn yẹn ni mo ń gbọ́ nínú kíláàsì, ohùn yẹn ni mo ń gbọ́ nídìí aṣọ tí mò ń fọ̀.

Bàámi ní kí o wá gbé mi ní Sátidé, kí wọ́n tún fa tèmi sí i lára. Wá. Ṣùgbọ́n fi àyè méjì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Pijó rẹ. Karimat, ọmọ kíláàsì mi, ń bá mi bọ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwa méjèèjì ní, nǹkan kan kò sì jí nínú tirẹ̀. Sọ fún Bàámi kí a tó dé pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni wọn yóò fà, kí wọ́n má baà máa fi abẹ́rẹ́ dúró dè mí. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí Màámi gbọ́ ti omi ọyàn yẹn.

Títílọpẹ́ yóò bi ọ́ pé kí ló dé tí n kò fẹ́ fún òun lẹ́jẹ̀ mọ́. Sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ìyókù, èmi ni n ó sọ ọ́, n ó sì jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, kí ó lè rí ojú mi, bó bá ṣì ríran tó bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ìyá rẹ àti gbogbo ará gáréèjì.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ni,
                                        Ọlọ́runníyì.