Màmá Da Ọtí Àwọn Alẹ̀mọ́gi Nù

Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Akínsọlá,
Ìgàndó, Alímọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Olúrẹ̀mí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi tí kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa,

Òtútù ilẹ̀ Scotland ńkọ́? Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ wọn ti ń lọ lẹ́nu báyìí? Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́, àti ọ̀gá yín tí o ní kì í rẹ́rìn-ín? Mo gbà á ládùúrà pé ìwé yìí yóò bá ọ láyọ̀. Ní tiwa, a dúpẹ́. Ara mi yá, ara ọkọ mi yá. Fẹ́kọ́mi ọmọ mi ti ga dé èjìká mi, ó sì ti ń bá mi du bàtà. Màmá rẹ náà wà ní àlàáfíà. Ohùn wọn ló ń jí gbogbo ilé láràárọ̀, nítorí yàrá wọn ló kọjú sí tiwa, orin àdúrà wọn kò sì mọ̀ pé oorun ni Sátidé wà fún.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo fọwọ́ kọ láyé WhatsApp yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn. Bí mo bá pè ọ́, màá sunkún, wàá sunkún, dátà á tán, a ò sì ní sọ nǹkan kan. Abdulganiyy, tí a jọ ń kọ́ni, ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún láti kàwé sí i, òun ló sì gbà láti mú un wá. Òun náà ló yẹ kó gbé ìgò alẹ̀mọ́gi rẹ wá, òun tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ìwé nìkan lo máa bá lọ́wọ́ rẹ̀ o. Fara balẹ̀ kí n ròyìn.

Nígbà tí o ní kí n lọ bá ọ wá alẹ̀mọ́gi ní etí òkun ilé wa ní Ìlàjẹ, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó rán mi létí yunifásítì, nígbà tí ìwọ kọ̀ láti máa pe ẹranko náà ní bánákù bí olùkọ́ wa ti ń pè é, tí o fún un lórúkọ tìrẹ. O ní ara òpó ilé àti ìdí ọkọ̀ la ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, nǹkan funfun gbágungbàgun tó máa ń ha wá lẹ́sẹ̀ bí a bá ń gun òkè láti inú omi. Ọdún yẹn la gbọ́ pé àwọn onímọ̀ àtijọ́ pàápàá kà wọ́n mọ́ ẹbí ìgbín nítorí ìkarahun, títí wọ́n fi rí àwọn ọmọ wọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ọmọ edé, tí wọ́n wá rí i pé akàn àti edé ni wọ́n bá tan.

Gbogbo àlàyé tí o ṣe fún mi lórí fóònù ni mo rántí. O ní ẹbí kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Chthamalidae, orúkọ tí kì í kúrò lọ́fun mi láì há. O ní awẹ́ ìkarahun ni àwọn ará ìṣáájú ń kà láti mọ ẹni tó bá ẹnì kan tan: alawẹ́ mẹ́jọ ni àgbà, alawẹ́ mẹ́fà tẹ̀ lé e, alawẹ́ mẹ́rin ló kẹ́yìn. Àfi ìgbà tí ẹ yẹ DNA, èròjà àbínibí inú ara wọn, wò, tí ẹ rí i pé ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń dín awẹ́ tirẹ̀ kù lákòókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pé awẹ́ lè bá awẹ́ mu kí ẹ̀jẹ̀ má tan rárá. O ní ẹ̀ka ti Ìlàjẹ ṣófo lórí igi ẹbí tí ò ń yà, o ò sì mọ̀ bóyá àwọn ará Brazil ni tiwa bá tan tàbí àwọn mìíràn. Gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ mi. Gbólóhùn tí o fi kádìí rẹ̀ ni kò dùn. O ní o ti fẹ́ wálé ní Oṣù Kejìlá fúnra rẹ láti wá kó wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá lè fi wọ́n ránṣẹ́, kò tún pọn dandan kí o wá.

Mo gbé igi ẹbí yẹn lọ sí kíláàsì mi ṣá. Mo yà á sójú pátákó fún àwọn SS2. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fàdìlàt nawọ́, ó ní nínú àwọn méjì tó wà lórí ẹ̀ka kan náà, èwo ni ẹ̀gbọ́n? Mo ní kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n pínyà. Kíláàsì dàrú. Wọ́n ní irọ́ ni, ìbejì pàápàá ní Táíwò, ó ní Kẹ́hìndé. Ìwọ ì bá wà níbẹ̀! Èmi rẹ́rìn-ín títí, mo sì wo ẹ̀gbẹ́ mi bí ẹni pé wàá dá wọn lóhùn.

Mo lọ sílé nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ díẹ̀. Ìwọ ti gbọ́ pé òkun gba ilé yín, òun ló kúkú gbé Màmá wá sí Ìgàndó, ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Olútáyọ̀, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi débẹ̀. Àwọn òpó díẹ̀ ló kù lórí ìdúró, gbogbo wọn ti tẹ̀ síbì kan. Ọ̀dà búlúù tí Bàbá kùn kí wọ́n tó kú ṣì wà lára ọ̀kan lókè. Alẹ̀mọ́gi bo òpó yẹn dé ibi tí omi ń dé. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sunkún, Olútáyọ̀ sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Lẹ́yìn náà ni mo gé wọn tigitigi, torí o ní kí ìdí wọn má fọ́, ọ̀dà búlúù díẹ̀ sì bá igi náà wá. Mi ò rí irú ọtí tí ẹ fi ń pa wọ́n mọ́ níbi iṣẹ́ yín kí wọ́n má bàjẹ́ rà, ni mo bá ra ògógóró tó le jù, èyí tó ń gbaná bí a bá ṣáná sí i.

Nígbà tí mo padà dé, mo gbé ìgò náà sí abẹ́ tábìlì Màmá, nítorí Fẹ́kọ́mi kì í rí nǹkan kó má tú u wò. Mo ní ẹrù Rẹ̀mí ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi tọ́jú rẹ̀. Mi ò sọ ibi tí mo ti rí i, torí wọn kì í fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ilé yẹn. Ṣíṣọ́ ìdánwò àṣekágbá gbé mi lọ sí Ìkòtún, mo ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ń wọlé nígbà tí Màmá bá ti lọ sí ìsọjí ní ìjọ wọn ní Ìdímù. Ọjọ́ tí mo ráyè wọlé tọ̀ wọ́n, òórùn ohun tó jẹrà ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

Rẹ̀mí, Màmá ti da ọtí náà nù. Wọ́n ní àwọn ṣí ìdérí, ògógóró sọ lù wọ́n nímú, nínú yàrá tí àwọn ti ń gbàdúrà! Wọ́n gbé e lọ síta láti dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni wọ́n bá rí igi tó wà nínú rẹ̀, wọ́n rí ọ̀dà búlúù. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n fọ igi náà, wọ́n bu omi sínú abọ́, wọ́n ń po iyọ̀ sí i, wọ́n ń tọ́ ọ wò títí ó fi dà bí omi òkun ilé lẹ́nu wọn. Wọ́n gbé abọ́ náà sójú fèrèsé, wọ́n sì fa àga tì í. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn.

Mo ní, “Ẹ̀yin Màmá, wọ́n ti kú o.”

Wọ́n ní, “Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn ni. Bí omi bá mọ́ wọn lára, wọ́n á yọ ọwọ́ jáde. Fún wọn láyè jàre, Tóyìn.”

Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń retí. Bí omi bá kún ní ìrọ̀lẹ́, tí ìkarahun kọ̀ọ̀kan bá là, tí àwọn ọwọ́ tín-ín-rín bí ìyẹ́ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí juwọ́ nínú omi, Màmá máa ń pè wá pé ká wá wò ó. Mi ò lè bínú. Mo jókòó tì wọ́n, òórùn yẹn sì ń yọ àwa méjèèjì lẹ́nu.

Nígbà tó yá, mo ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún wọn. Mo ní ò ń wádìí ìdílé alẹ̀mọ́gi ni. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n fẹ́ fi ṣaya ni?” Mo ní akàn ni wọ́n bá tan. Wọ́n ní irọ́ ni, ìgbín ni jàre, ta ló rí akàn tí kì í rìn? A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tú mi lẹ́nu, tí mo fi sọ pé o ti fẹ́ wálé wá kó wọn tẹ́lẹ̀, pé nítorí ìgò yìí ni o ò ṣe wá mọ́. Màmá bi mí pé bí ìgò náà bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, o ò ní wá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé abọ́ náà, wọ́n lọ da omi rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ní kí n da ọtí yẹn nù.”

Mo lè padà lọ, Rẹ̀mí. Ọkọ̀ Olútáyọ̀ wà níbẹ̀, alẹ̀mọ́gi ṣì kún ara òpó, Abdulganiyy pàápàá ní òun kò tíì di ẹrù òun. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ fẹ́ kí igi ẹbí náà pé. Bínú sí mi bí o bá fẹ́. Àárò rẹ ń sọ mí, ó ti rẹ̀ mí láti máa rí ọ nínú gíláàsì fóònù, kí nẹ́tíwọ́kì máa gé ojú rẹ sí wẹ́wẹ́. Olútáyọ̀ ní àwọn òpó yẹn kò ní lè fara da òjò ọdún tó ń bọ̀. Wá fọwọ́ ara rẹ gé èyí tí o fẹ́, kí Màmá jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀.

Ọkọ mi kí ọ. Fẹ́kọ́mi kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé ṣokoléètì. Olútáyọ̀ kí ọ púpọ̀. Mo bi Màmá pé kí ni kí n bá wọn kọ. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Má bá mi kí i. Mo ti fi ẹnu ẹlòmíràn kí i tó. Èyí tó kù, ó di ìgbà tó bá kúnlẹ̀ síwájú mi.”

Èmi tó ń retí rẹ ni,

Olútóyìn