Ìwé Tó Ní Kí N Pe Ọkọ Mi Lórúkọ

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Paynesville

Mo ti parí ìwé ìfẹ́ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ yá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣe àṣìṣe o. Ọkùnrin inú rẹ̀ ṣàdédé bá ara rẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ ó ń fi fóònù pe ìyàwó ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹkún gbà mí. Kò lè padà wálé àfi kí ìyàwó ẹ̀ pe orúkọ ẹ̀.

Ká ní èmi ni, ọkọ mi ì bá há síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta tí a ti fẹ́ra, “Bùrọ̀dá mi” ni mò ń pè é. Màámi ní ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí.

Bí ọkọ mi ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lónìí, mo ní, “Dáyọ̀.”

Ó wẹ̀yìn wò. “Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?”

Ojú tì mí, mo lọ bu oúnjẹ.

Ó ti jókòó ti ọbẹ̀ ewé ọ̀dùnkún, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá tún un pè. Mo sá wọ yàrá wá kọ èyí. Oúnjẹ ń tutù.

Mo ń lọ pè é.