Oògùn Tó Mọ Ọ̀tá Yàtọ̀ sí Ará Ilé

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Aṣàyàn ṣe é! Orúkọ tí mo sọ mólékù oògùn wa nìyẹn, nítorí iṣẹ́ tá a rán an: kó wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rí, kó pa á, kó má fọwọ́ kan ará ilé. Nínú àwo tá a ti dán an wò, gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kú. Àwọn tó dáa ò mira. Ọ̀gá wa ní yàrá ìwádìí wò ó títí. "Àwo kọ́ ni ara," ló wí. Ọkùnrin yìí kì í yọ̀ tán.

Ọjọ́rú, 5
Dókítà ti sọ fún àbúrò mi pé oògùn tó ń lò ò ran kókó jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló pè mí. Ó kí mi kú iṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ ń ṣe níbi iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ẹ bá wa bu díẹ̀." Mo ní a ò tíì dán an wò lára eku pàápàá.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
A bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn eku tó ní jẹjẹrẹ ní Aṣàyàn.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo lọ kí àbúrò mi. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Mo sọ fún un pé kókó ara àwọn eku ń súnkì. Ó rẹ́rìn-ín: "Eku ń gba ìtọ́jú, èmi ń gbàdúrà. Ẹ kúkú sọ èmi náà di eku." A jọ rẹ́rìn-ín. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Mo ki ìgò Aṣàyàn kan sápò. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo dá a padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Eku mẹ́ta kú. A là wọ́n. Kókó ti pòórá pátápátá — ṣùgbọ́n ọkàn wọn ti bàjẹ́. Nǹkan kan wà lára ọkàn tó jọ èyí tí Aṣàyàn ń wá lára jẹjẹrẹ. Aṣàyàn pa sẹ́ẹ̀lì ọkàn náà. Ọ̀gá ò sọ pé "ṣé mo sọ fún ẹ". Àga ló fà fún mi. Ká ní mo gbé ìgò yẹn jáde ni —

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
Mo lọ sọ fún àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ pé àwọn eku kú. Ọkọ rẹ̀ bọ́ síta. Àbúrò mi ní, "Kókó yẹn, ṣé ó lọ lóòótọ́?" Mo ní ó lọ. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ mú un wá." Mo ní, "Ó máa pa ẹ́." "Jẹjẹrẹ ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé oyè ló fẹ́ fi mí jẹ ni?"

Ọjọ́ Ajé, 31
Mo fa kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn lé Ọ̀gá lọ́wọ́. Mo ní kó má dá a padà fún mi, bí mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò béèrè ìdí. Àbúrò mi ti ń pè mí láti àárọ̀. N ò tíì gbé fóònù.