Ẹ̀rí Tí Wọ́n Béèrè Lórí Ejò Inú Àjà

Àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Ara àwa náà le, a dúpẹ́, a ò sì ní í gbọ́ búburú nípa rẹ láéláé. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n ògiri ló kọjú sí tó fi sọ ọ́, torí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìjẹta.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ojú ló ń tì mí. Ọ̀rọ̀ ejò inú àjà wa ni, èyí tó ń jẹ eku, tí o bẹ̀ mí pé kí n má pa, tí mo sì gbà.

Tíṣà kan ló wá wo yàrá iwájú tí a fẹ́ fi háyà. Yàrá náà wù ú, ó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ máa wà, àfi bó ṣe ní òun ti rí ilẹ̀kùn wa yìí rí, nínú ohun tí òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Ló bá fi ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn hàn mí, èyí tí gbogbo yín jọ ń kọ. Ejò wa rèé lókè ilẹ̀kùn, fọ́tò tí o yà, orúkọ rẹ nísàlẹ̀ ẹ̀! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ilé àwọn èèyàn ló ń gbé. Tíṣà kí mi pé ó dàbọ̀, kò sì padà wá mọ́. Háà! Gbogbo ayé ti mọ ohun tó wà lájà mi.

Mo bá gbé fóònù tèmi. Mo rí ibi tí wọ́n kọ Ṣàtúnṣe sí, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé ta ni mí. Mo kọ́kọ́ kí wọn, torí kì í ṣe ilé mi: ẹ kú iṣẹ́ o, èmi ni onílé, ejò yẹn ti kú. Mo rò pé irọ́ kékeré ni, a ó sì rí ẹni gba yàrá. Kí n tó wẹ̀ tán, ẹnì kan ti pa á rẹ́, ó ní ẹ̀rí dà. Mo tún un kọ, mo ní ìyàwó mi ni ẹlẹ́rìí mi. Ó tún pa á rẹ́, ẹ̀rí ló ṣì ń béèrè. Ọmọ mi, pẹ̀lú ewú orí mi yìí, kí ẹni tí mi ò mọ̀ rí máa pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé! Inú bí mi. Mo gbé àkàbà, mo mú igi.

Kò tilẹ̀ sá, ó ti mọ́ ọn lára láti máa rí mi níbẹ̀. Mo ya òkú ẹ̀ ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, mo ní ẹ̀rí yín rèé. Ẹni yẹn wá dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ti ilé yín nìkan là ń sọ, gbogbo irú ejò bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo ni, fọ́tò tí ọmọ yín yà nìkan la mú láti ilé yín. Mo jókòó sídìí àkàbà. Áà, mo kábàámọ̀! Ẹranko tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyá rẹ sunkún, ó ní kí la máa wí fún ọ nígbà tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ bá dé lóṣù tó ń bọ̀ láti wá wo ejò náà.

Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí o bá ní kí ọ̀gá rẹ má wá mọ́, ó yé mi, ṣùgbọ́n ìwọ wá.

Eku ti gba ilé lọ́wọ́ wa. Mo fẹ́ ní kí o fi owó ológbò ránṣẹ́, ṣùgbọ́n owó tàkúté ni kí o fi ránṣẹ́, má fi ti ológbò ránṣẹ́ o. Ìdí ni pé mo gun àjà lánàá láti gbá ibẹ̀, mo sì bá ẹyin nínú páálí àtijọ́ kan, wọ́n funfun, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo ti fi ẹ̀wù mi bò wọ́n.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kò sì ní í jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ohun tí wàá máa sunkún lé lórí. Mo ka ojú ewé yẹn látòkè délẹ̀, wọn ò kọ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ẹyin ejò síbẹ̀. Èmi ò ní í tẹ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ láyé. Bí o bá mọ̀ ọ́n, bá mi kọ ọ́ sí i kíákíá, àràárọ̀ ni mò ń ṣí i wò.

Èmi ni,
bàbá rẹ.