Dókítà Rọra-Mí àti Ìdáhùn Tó Pẹ́

Ọdún 1951 ni a bí ìyá wa olóògbé, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ ti ń tún aago ṣe. Telò ni ìyá rẹ̀, ọmọ telò, ọmọ-ọmọ telò. Obìnrin náà kò lè dá sọdá títì. Bó bá ti dé etí títì, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, òógùn á sì bò ó. Àwọn aládùúgbò ní ìgbéraga ni. Màmá, ọmọ rẹ̀, ló ń dì í lọ́wọ́ mú sọdá.

Ohun tó gbé Màmá dé yunifásítì ní 1970 nìyẹn. Ó fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin, ní 1976. Bí Bàbá bá sọ gbólóhùn méjì lóòjọ́, ọ̀kan á jẹ́ kíkí ìyàwó. Màmá gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọpọlọ ní 1981.

Ọdún márùndínlógójì ló fi tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀, tó sì ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ọpọlọ wọn. Ó máa ń sọ fún wọn pé ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ìwà ojo: ibì kan nínú ọpọlọ, tó kéré bíi hóró ẹ̀pà, ló ń kébòòsí nígbà tí ewu ò sí. Àwọn aláìsàn yìí ni wọ́n sọ ọ́ ní Dókítà Rọra-Mí, nítorí “rọra mí” tó máa ń sọ fún wọn. Nílé ìsìn, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó, kí ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já lè rí ẹni bá a jáde.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní 2004, ọmọbìnrin rẹ̀ pè é láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò: “Màmá, mi ò lè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.” Aláìsàn kan wà nínú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Màmá ní, “Ìdánwò lásán? Rọra mí, kó o wọlé.” Ó pa fóònù. Ọmọ náà kò wọlé. Kò sì padà sílé wa.

Ìgbà tí Màmá fẹ̀yìn tì ní 2016 ló wá ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. “Ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń wò, Màmá. Ẹ ò wo èmi tí ẹ bí.”

“Mo jẹ̀bi, ọmọ mi.”

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Màmá ń lọ bá a rán bọ́tìnnì. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, Màmá béèrè pé, “Ṣé inú ẹ ti yọ́ sí mi?”

“Ẹ jẹ́ kí n parí aṣọ yìí ná.”

Àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Màmá dákẹ́, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Ó fi ọkọ sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: ẹnjiníà, aránṣọ àti olùkọ́, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Aránṣọ náà ní ká bá òun kọ ọ́ síbí pé inú òun ti yọ́ láti ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu òun ló wúwo láti sọ ọ́.

Ẹ sinmi, Ìyá wa. Kí ilẹ̀ tù yín lára.