Èmi àti Mọ́mì Mi Lójú Fèrèsé

Ẹ̀yin olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ má bèèrè orúkọ mi o. Ọmọ Ojú Fèrèsé ni wọ́n ń pè mí níléèwé.

Bí tíṣà bá ń kọ́ wa, ojú mi á wà lára fèrèsé, ọkàn mi á ti bá ìkùukùu lọ. Kó tó padà dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti di ìyá àgbà. "Ọ̀lẹ ni ọmọ yìí," ni tíṣà máa ń wí. Àmọ́ dókítà sọ pé ADHD ni, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀, pé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ní in láìsí pé wọ́n ń sáré kiri, tí wọ́n kàn ń lálàá láìsùn. Wọ́n ní ó lè bá ìdílé rìn, ó sì ní ìtọ́jú. Wọ́n ti ń kọ́ mi bí mo ṣe máa gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo wo mọ́mì mi tó ń ránṣọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí fèrèsé. Apá ọ̀tún aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ. Apá òsì, Ọlọ́run ló mọ ibi tó wà. Òórùn ìkòkò tó ń jóná ti dé ìlú kejì.

"Ọmọ mi, orí mi ò pé," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń wí látọjọ́ tí mo ti dáyé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé orí wọn pé, tí kò ní dà bíi pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra dáhùn. Rédíò wọn wà ní títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọn ò rántí pa á rí.