Àmín tí Mo Ṣe sí Àdúrà tí N Kò Gbọ́

Ọmọ mi,

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí n tó fọ ojú, mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí balùwẹ̀, n ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Inú agolo àtíkè tí àtíkè ti tán nínú rẹ̀ ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ etí tí o fi ránṣẹ́ sí. N ó fi aṣọ gbígbẹ nu etí mi, n ó fi nu ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, n ó ṣí ilé bátìrì rẹ̀ tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, n ó mú bátìrì náà jáde, n ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan, n ó sì dá a padà. Bí mo bá ti pa á dé, yóò súfèé. N ó yára kì í bọ etí kí súfèé náà má baà dé iwájú ilé, n ó da ìborí bò ó, n ó fa ìborí náà wálẹ̀ títí yóò fi kọjá etí, n ó tún ojú mi ṣe bí ojú ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, n ó wá jáde lọ bá bàbá rẹ.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ṣáájú ìkíni bí ẹni tó gbé ẹrù wọlé kó tó kan ilẹ̀kùn. Má bínú, ẹ̀rù ló fà á. Báwo ni ara? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé wọ́n ti bá ọ dí ibi tí òjò ń gbà jò sórí ibùsùn rẹ? Olúwa tí kì í tòògbé yóò máa dì ọ́ lọ́wọ́ mú nígbà tí o bá ń sọdá títì, àwọn tó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé kò ní í kọjá lójú ọ̀nà rẹ. Àwa náà wà láàyè. Adìẹ funfun ti pamọ, àṣá sì ti ń wò wọ́n láti orí igi. Kíláàsì àgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ nílé ìjọsìn ń lọ dáadáa. Èmi ni mo dé kẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀yìn ni mo ń jókòó, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àmọ́ mo ti mọ̀wé kọ tó báyìí tí n kò fi ní í bẹ tíṣà kó bá mi kọ èyí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹni mẹ́ta ń gbọ́.

Bàbá rẹ sọ fún ọ lórí fóònù pé ẹ̀rọ etí náà kò ṣiṣẹ́, pé súfèé nìkan ló mọ̀ ọ́n fọn bí ọlọ́pàá oríta. Ìdí nìyẹn tí o fi kọ̀wé pé kí n wá bá ọ lóṣù tó ń bọ̀, kí àwọn dókítà ibi iṣẹ́ rẹ la ẹ̀yìn etí mi, kí wọ́n ki òmíràn bọ abẹ́ awọ, èyí tí yóò jẹ́ kí n gbọ́ràn ju ẹni tí ara rẹ̀ pé lọ. Ọmọ mi, èmi ni mo sọ fún bàbá rẹ pé kò ṣiṣẹ́. Irọ́ ni mo pa. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà, ohun tí mo sì fi gbọ́ kò jẹ́ kí n lè gbé oúnjẹ mì.

Tíṣà wa ló ka ìwé pélébé tó bá a wá fún mi. Òun nìkan ló mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Ó fi bọ́tìnnì méjì hàn mí, èyí tó ń gbé ohùn sókè àti èyí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe fi í sí etí báyìí, obìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní èdè òyìnbó. Mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Kò dá mi lóhùn. Tíṣà ní kì í ṣe ènìyàn, pé ẹ̀rọ náà ló ń sọ pé bátìrì kún. Mo gbà lẹ́nu, ọkàn mi kò gbà, nítorí ohùn obìnrin gidi ni, ohùn ẹni tó jẹun yó. Mo béèrè bóyá ó ti ṣe ìrìbọmi, torí èmi ni n ó máa gbé e wọ ilé Ọlọ́run, n kò sì fẹ́ kí ẹni tí n kò mọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ jókòó sínú orí mi nígbà tí a bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Títí dòní, bí obìnrin náà bá ti sọ̀rọ̀, mo máa ń rọra sọ fún un pé mo ti gbọ́, kó má baà rò pé mo ní ìgbéraga. Nígbà tí mo ń padà sílé lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ń tẹ̀lé mi. Mo dúró, ó dúró. Mo sáré, ó sáré. Inú ilé ni mo tó mọ̀ pé bàtà mi ni.

O mọ bí a ṣe ń gbàdúrà àárọ̀. Bàbá rẹ á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, èmi á kúnlẹ̀ tì wọ́n, wọ́n á gbàdúrà, bí wọ́n bá sì parí wọ́n á fọwọ́ kan èjìká mi, èmi á ní Àmín. Láti ìgbà tí ibà líle ti gba etí lọ́wọ́ mi, nígbà tí ìwọ ṣì ń rákò, ni a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ dé, mo fẹ́ fi ya wọ́n lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí, n ó ti ṣe Àmín, ẹ wo bí wọn yóò ṣe fò sókè.

Bí wọ́n ṣe la ẹnu, omi bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé ohùn bàbá rẹ ti darúgbó. Ti ọkùnrin tó wá fẹ́ mi ni mo tọ́jú pamọ́ sínú ọkàn láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún ọ, wọ́n gbàdúrà fún pásítọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹjọ́ mi sùn. Wọ́n ní Olúwa, iyọ̀ inú ọbẹ̀ àná, Ìwọ náà kúkú rí i, fún mi ní sùúrù. Mo wá ro iye ìgbà tí n ó ti ṣe Àmín sí ẹjọ́ ara mi, inú fẹ́ bí mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí.

Ìgbà náà ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ dé ibi tí etí tí Ọlọ́run dá, kódà etí ọmọdé tí ara rẹ̀ le, kò lè mú un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ náà ló kù. Mo gbé ọwọ́ sí etí bí ẹni tí ìborí ń yún, mo tẹ bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́ títí kò fi lọ mọ́. Aago ara ògiri dún bí ẹni ń la igi. Mo gbọ́ itọ́ tí bàbá rẹ gbé mì. Mo wá gbọ́ wọn. Wọ́n ní Olúwa, ẹ̀jẹ̀ tí mo ń tọ̀ yìí tún ti pọ̀ sí i. Má jẹ́ kí ìyá ọmọ mi mọ̀. Bí o bá sì fẹ́ mú mi, jọ̀wọ́, mú òun ṣáájú, nítorí bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá a gbọ́ràn?

Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi. Mo ní Àmín.

Láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti ń já. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ pé bàbá rẹ ń fọ ṣòkòtò wọn fúnra wọn, mo sì ń fi yangàn fún aládùúgbò pé ìfẹ́ ni. Mo ti rí i pé wọ́n ń da omi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀, mo ní ìmọ́tótó ni. Nígbà tí wọ́n bi mí pé ẹ̀rọ ńkọ́, mo ní súfèé ni, torí bí mo bá ní mo ń gbọ́, wọn yóò béèrè láti ìgbà wo, wọn yóò sì máa gbàdúrà sínú ọkàn, n kò ní í mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ń dín tàbí ó ń pọ̀. Ni mo bá ń tẹ bọ́tìnnì láràárọ̀, bí ẹni tó ń jalè létí Ọlọ́run. Àárín Ẹlẹ́dàá àti ẹni tó kúnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, bátìrì ló gbé mi débẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá Ó dí etí mi kí ọkọ mi lè ní ibi tí yóò ti sunkún.

Mo kọ ìbéèrè sínú ìwé pélébé láìkọ orúkọ, mo jù ú sínú àpótí ìbéèrè ilé ìjọsìn, pé ṣé Kristẹni lè fi ẹ̀rọ gbọ́ràn ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Pásítọ̀ kà á sókè lẹ́yìn ìsìn, ni ariwo bá sọ. Aránṣọ tó máa ń jókòó níwájú dìde, ó ní tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara, ta ló ń kan ìṣó mọ́ ògiri tẹ́ńpìlì? Káfíńtà tí a ń pè ní Ẹnu-ò-sùn ní òun ni, pé bí kì í bá ṣe ìṣó òun ni, òrùlé ibí yìí ì bá ti já lé aránṣọ lórí. Ó ní kí pásítọ̀ bọ́ awò ojú wọn, kí wọ́n fi ojú tí Ọlọ́run dá ka ìkéde. Pásítọ̀ bọ́ ọ lóòótọ́, wọ́n sì kéde ìsìnkú ẹni tó jẹ́ pé ìgbéyàwó ló fẹ́ ṣe. Aránṣọ ní awò ń dá ojú padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe kí èèyàn máa fi wo inú yàrá ẹlòmíràn. Káfíńtà ní ẹsẹ̀ òun kò gùn dé àjà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni àkàbà tí òun ń gùn? Aránṣọ ní o máa ń fi àkàbà sílẹ̀ síbi iṣẹ́ kó o tó lọ sùn, ta ló rán an mọ́ ọ lẹ́sẹ̀? Ó tilẹ̀ nawọ́ sí mi, ó ní ẹ wo ìyá yìí tí kò gbọ́ nǹkan kan, ṣé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ju tiwa lọ? Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn bí mo ti máa ń ṣe.

Pásítọ̀ ní Olúwa wa ki ìka bọ etí adití, etí náà sì là, nítorí náà títún ohun tó bàjẹ́ ṣe kò bí Ọlọ́run nínú. Àmọ́ wọ́n ní kí á ṣọ́ra fún èyí tó fẹ́ sọ ènìyàn di ohun tó ju ènìyàn lọ, torí ejò ló kọ́kọ́ polówó irú ọjà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò mọ ojú ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan dá àwọn lójú, pé Ọlọ́run kò fún ẹnikẹ́ni ní etí fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ti gbọ́, iṣẹ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Mo fa ìborí mi wálẹ̀ sí i.

Iṣẹ́ abẹ tí o sọ yẹn, mo bẹ̀ ọ́, pa á tì. O ní àwọn oníṣẹ́ lè máa tún un ṣe láti ọ̀nà jíjìn láìfọwọ́ kàn mí, pé yóò tún máa túmọ̀ èdè gbogbo ayé fún mi. Ọmọ mi, ọjọ́ tí àwọn àpọ́sítélì sọ onírúurú èdè, iná ló bà lé wọn lórí, wọn kò la ẹ̀yìn etí ẹnikẹ́ni. Bí oníṣẹ́ bá sì lè wọ inú orí mi láti òkèèrè, ta ni kò lè wọ̀ ọ́? Àgùntàn mọ ohùn olùṣọ́ rẹ̀. Bí ohùn mẹ́ta bá wà nínú orí àgùntàn, èwo ni yóò tẹ̀ lé? Ẹ̀rù ń bà mí kí ìpè ìkẹyìn má lọ dún, kí gbogbo ayé dìde, kí èmi jókòó, kí n máa wá bátìrì. Lọ́jọ́ àjíǹde ńkọ́, ṣé irin náà yóò bá mi dìde ni, àbí àwọn tó ni ín yóò wá gbà á? Bá mi bi wọ́n.

Owó tí o fẹ́ fi la etí mi, fi tọ́jú bàbá rẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí lo wà, àmọ́ inú ọgbà kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, ìwọ sáà kan ilẹ̀kùn kejì. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tó ń wo inú ènìyàn, kí wọ́n fi wo bàbá rẹ, n kò ní í béèrè bóyá ó ju bí Ọlọ́run ṣe dá ojú lọ. Fi owó mọ́tò ẹni méjì rán awakọ̀ tó mú ẹ̀rọ wá, kó o sì fi bátìrì díẹ̀ sí i. Má pè lórí fóònù, ọwọ́ bàbá rẹ ló wà.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní í yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tí o bá ń retí kò ní í bá ilẹ̀kùn rẹ ní títì. Ọlọ́run tó ń gbọ́ láìlo ẹ̀rọ yóò gbọ́ tìrẹ kí o tó sọ ọ́ tán. Èmi ìyá rẹ ni mo súre yìí.

N kò lè dúró de èsì rẹ, àìsàn kì í dúró de ìwé. Lọ́la, bí a bá ti kúnlẹ̀, n ó ṣí ìborí mi, n kò sì ní í jẹ́ kí bàbá rẹ kọ́kọ́ la ẹnu. Èmi ni n ó gbàdúrà. N ó dárúkọ ẹ̀jẹ̀ náà fún Ọlọ́run ketekete, lóhùn rara, kí bàbá rẹ lè gbọ́.